Ilé ni Ìjọ Àkọ́kọ́: Àdúrà, Oúnjẹ àti Èdè nínú Ìdílé Àgùdà ní Fọlá Àgòrò

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ ní ti aṣọ àti ìwà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ òtítọ́ ní ti ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjọ Àgùdà, ṣe fi gbòǹgbò múlẹ̀ ní Èkó, kí ó má ṣe wo ilé ìsìn gogoro nìkan. Kí ó wo inú yàrá ní alẹ́, nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí, tí bàbá, ìyá àti ọmọ sì kúnlẹ̀ níwájú àgbélébùú kékeré kan.

Ohun kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí ó gba àfiyèsí gbogbo ẹni tí ń kọ́ èdè Yorùbá tàbí tí ń kọ́ni ní èdè náà. Fún nǹkan bí 100 ọdún, Látìnì ni àlùfáà ń sọ ní ibi pẹpẹ, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gbàdúrà nínú ilé wọn. Lónìí, Yorùbá ti dé ibi pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu àwọn ọmọ mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé nígbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀. Bí ìyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó lè bá a lọ, ni àlàyé tí ó tẹ̀ lé e yìí dá lé lórí.

Fọlá Àgòrò wà láàrin Ṣómólú àti Bàrígà, ní apá Èkó tí kì í ṣe erékùṣù. Kò jìnnà sí Akọ́kà, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Ní Akọ́kà kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's wà, tí Fadá Denis Slattery, àlùfáà ará Áyálándì, dá sílẹ̀ ní 1956. Ṣómólú ní tirẹ̀ lókìkí fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Bí a bá sì gba apá Bàrígà lọ títí, a óò kan ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò yìí, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú lè máa gbé ní ọ̀kánkán ọmọ Ìgbò. Mùsùlùmí àti Àgùdà lè jọ máa lo ògiri kan. Àdúrà tí ẹnì kan bá gbà sókè, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúgbò yìí ni ìtàn ìjọ Àgùdà ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe erékùṣù Èkó. Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú un wá ni àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí wọ́n sì padà wálé nígbà tí wọ́n gba òmìnira. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní 1835, púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà, wọ́n sì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀yìn 1888 tí a fi òpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Èkó ni a ń pè ní Pópó Àgùdà. Orúkọ ìdílé wọn, bí i da Silva, da Rocha, Pereira àti Campos, ṣì wà ní Èkó di òní. Ní ti ọ̀rọ̀ náà Àgùdà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó so ó mọ́ Ajudá, orúkọ tí àwọn Pọtogí ń pe Wídà ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì, níbi tí wọ́n kọ́ odi agbára wọn sí. Orúkọ tí ó jẹ́ ti àwọn apadàbọ̀ nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀ wá di orúkọ gbogbo Kátólíìkì lẹ́nu Yorùbá, ìbáà jẹ́ ọmọ Èkó, ìbáà jẹ́ ọmọ Èkìtì.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́kọ́ dé, kò sí àlùfáà kankan ní Èkó tí ó lè ṣe Mísà fún wọn. Ẹni tí ó dúró níwájú wọn ni ọkùnrin kan tí òun pẹ̀lú ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Pàdírè Antonio. Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń dún bí ti àlùfáà, bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó kọ́ ilé àdúrà kékeré kan, ó ń kó àwọn ènìyàn jọ, ó ń sàmì fún àwọn ọmọdé, ó sì ń gbàdúrà lórí òkú. Ní 1863 ni Fadá Francesco Borghero, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn òjíṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, ti Dàhọ̀mì wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó di 1868 kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láàrin wọn, èyíinì ni Fadá Pierre Bouche. Ìjọ tí àwọn Fadá bá ní Èkó ti wà láàyè kí wọ́n tó dé. Inú ilé ni a ti pa á mọ́, láti ẹnu òbí sí etí ọmọ.

Àwọn Fadá náà mọ̀ pé èdè ni ọ̀nà. Bouche kọ ìwé lórí èdè Yorùbá, tí òun pè ní Nàgó, ní 1880. Fadá Noël Baudin tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní etíkun kan náà pẹ̀lú ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ èdè náà. Ṣùgbọ́n ìlànà ìjọ kò yí padà: Látìnì ni Mísà. Ẹni tí kò gbọ́ Látìnì a jókòó jẹ́ẹ́, a máa ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ títí agogo yóò fi lù. Àwọn àgbà Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé a máa fi èdè Pọtogí gbàdúrà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn tí a bí sí Èkó wọ inú Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni èdè àdúrà ṣe pín sí méjì: ti àlùfáà ní ibi pẹpẹ, àti ti ìyá lórí ẹní.

Ti orí ẹní yìí ni ó ṣì ń darí ọjọ́ nínú ìdílé Àgùdà, ní Fọlá Àgòrò bí ní ibòmíràn. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹnu, yóò fi ọwọ́ kan iwájú orí, àyà àti èjìká méjèèjì ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ní agogo 6 òwúrọ̀, agogo 12 ọ̀sán àti agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni àdúrà Áńgẹ́lúsì, tí ń rán ènìyàn létí iṣẹ́ tí áńgẹ́lì jẹ́ fún Màríà. Obìnrin tí ń tajà lè dá ọwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ni Rósárì.

Ìlẹ̀kẹ̀ 59 ni ó wà lórí Rósárì tí ó wọ́pọ̀. Lórí 6 nínú wọn ni a ń gba Àdúrà Olúwa, lórí 53 yòókù sì ni a ń ka Mo kí ọ Màríà. Ìsọ̀rí márùn-ún ni a pín in sí, mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí a sì ti ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkàn ń ronú lórí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú ìgbésí ayé Jésù àti ti ìyá rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ìbànújẹ́, alẹ́ Ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti ògo. Póòpù John Paul Kejì fi ti ìmọ́lẹ̀ kún ti ayọ̀, ti ìbànújẹ́ àti ti ògo ní 2002. Ẹnì kan ni yóò máa ṣíwájú, àwọn yòókù a sì máa gbè é. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ lílé àti gbígbè orin kò rí èyí bí ohun àjèjì. Bí oorun bá sì ń gbé ọmọ kékeré lọ nígbà tí a bá dé ìsọ̀rí kẹta, ìyá rẹ̀ a fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ, a sì sọ pé òun ni ó kàn láti ṣíwájú. Ojú ọmọ á là.

Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ àdúrà náà yóò rí ọ̀nà tí èdè Yorùbá ti rìn. Àdúrà àti àlùfáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti gbà láti ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí kí àwọn òyìnbó oníwàásù tó dé. Mísà jẹ́ ti Látìnì. Ìjẹ́wọ́, ìràpadà àti àgbélébùú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a hun láti inú Yorùbá fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ti di ọmọ ilé kan náà. Ìyá tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀ kì í béèrè ibi tí èyíkéyìí nínú wọn ti wá.

Ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù nínú wọn ni ó dà bí èyí tí ó rọrùn jù: kí. Ohun tí áńgẹ́lì ṣe sí Màríà ni pé ó kí i. Yorùbá kò fi ìkíni ṣeré: ìkíni wà fún òwúrọ̀ àti fún alẹ́, fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó jókòó, fún ọlọ́mọ tuntun àti fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọjá lára àgbà láìkí i ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ń ka Mo kí ọ Màríà mọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni là á yé e, pé òun kò kàn ń ka àkọ́sórí. Òun ń kí ìyá kan ni. Àwọn ọmọ mìíràn a máa béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ “mo kí yín”, nígbà tí ó jẹ́ pé “ẹ kú alẹ́” ni wọ́n ń sọ fún ìyá tí ó bí wọn. Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nínú àdúrà àti nínú oríkì, “ìwọ” ni Yorùbá ń pe Ọlọ́run àti àwọn tí ó gbé ga, nítorí pé ọ̀rọ̀ àdúrà jẹ́ ti ìfinúhàn. Ẹ̀kọ́ gírámà àti ẹ̀kọ́ ìwà pọ̀ nínú gbólóhùn kan yìí, orí ẹní sì ni ọmọ ti ń kọ́ ọ.

Ojú ògiri pẹ̀lú ní ohun tí ó ń sọ. Àgbélébùú, àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù àti ère Màríà wà lórí tábìlì kékeré tàbí lórí pákó tí a kàn mọ́ ògiri. Ìgò omi mímọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lókè ìlẹ̀kùn ni imọ̀ ọ̀pẹ tí a gbà ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ wà, títí yóò fi gbẹ. Yorùbá ti mọ̀ láti ayébáyé pé ibi tí a bá ta màrìwò sí kì í ṣe ibi lásán. Nítorí náà ìlẹ̀kùn tí imọ̀ ọ̀pẹ wà lókè rẹ̀ kò ṣòro fún aládùúgbò láti lóye. Bí ọdún bá yí po, a ó kó irú imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ bẹ́ẹ̀ jọ, a ó sun ún, eérú rẹ̀ ni Fadá yóò sì fi sàmì sí iwájú orí àwọn ènìyàn ní Ọjọ́rú Eléérú, tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀.

Nínú Lẹ́ńtì, ìsapá ìyàwó ilé pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹran kò gbọdọ̀ wọ inú ọbẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ó ga jù, ọjọ́ náà ni àwọn Àgùdà Èkó sì ń se fùrèjọ́ǹ. Ẹ̀wà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Pọtogí. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ dénú, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó fi omi àgbọn pò ó, a ó sì tún gbé e ka iná títí yóò fi ki. Àwọn kan ń fi kànáfùrù sí i kí ó lè ta sánsán. Àwọn kan ń fi ṣúgà sí i. Ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín ni a fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú gaàrí fún ẹni tí ó bá fẹ́. Oúnjẹ ààwẹ̀ ni, síbẹ̀ gbogbo ọmọ ilé ni ó ń retí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

A kì í sì í dá fùrèjọ́ǹ jẹ. Àwọn ọmọ ni yóò gbé abọ́ tí a fi ìdérí bò láti yàrá dé yàrá, dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìgbò tí ó wà ní ọ̀kánkán, dé ọ̀dọ̀ Alhájà tí ó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abọ́ náà kì í sì í padà lófìfo títí láé: bí Iléyá bá dé, ẹran yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ìfẹ́ aládùúgbò tí oníwàásù yóò fi wákàtí kan ṣe, ọmọ tí ó gbé abọ́ ti kọ́ ọ kí ó tó padà dé yàrá ìyá rẹ̀.

Bí a bá bímọ, ilé náà ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, a ó kó oyin, iyọ̀, obì àti omi jọ, ẹbí yóò sì sọ ọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni a óò gbé e lọ sí ilé ìsìn fún ìsàmì, pẹ̀lú bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì tí yóò ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn. Ní ayé àtijọ́, orúkọ ẹni mímọ́ ni ọ̀pọ̀ Fadá ń béèrè: Jósẹ́fù, Tèrésà, Àńtónì, Mónìkà. Òfin ìjọ tí ó jáde ní 1983 kò béèrè ju pé kí orúkọ náà má tako èrò ìgbàgbọ́ lọ. Nítorí náà Olúwáṣeun tàbí Ìbùkúnolúwa lè dúró níwájú omi ìsàmì láìsí orúkọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Inú ìyá àgbà dùn sí èyí, nítorí orúkọ tí òun fi ń ki ọmọ ní òwúrọ̀ ni àlùfáà pẹ̀lú fi pè é.

Ayọ̀ ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ńlá. Àkàrà àti ògì lẹ́yìn Mísà àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Ìrẹsì ọ̀sán tí òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ funfun tí ọmọbìnrin wọ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gba Ara Kristi, tí ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ó jókòó kí ó má baà rún. Orin tí bàbá ń fi imú kọ nígbà tí ó ń fá irùngbọ̀n. Inú irú nǹkan wọ̀nyí ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ẹ̀sìn kì í ṣe ẹrù wúwo.

Ní 4 oṣù Kejìlá, 1963, Àpérò Vatican Kejì tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀ nínú Mísà. Látìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀. Yorùbá gun orí pẹpẹ; ìlù àti orin ìbílẹ̀ wọ inú ilé ìsìn. Ìyá tí ó ti ń ka ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wá gbọ́ ohun tí àlùfáà ń sọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní 1964, Àpérò kan náà pe ìdílé ní ìjọ inú ilé, ó sì ní kí àwọn òbí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wàásù ìgbàgbọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ohun tí àwọn Àgùdà Èkó ti ń ṣe kí Borghero tó gúnlẹ̀ ni Àpérò náà fi ọwọ́ sí yìí.

Ó wá jẹ́ ohun ìyanu pé láàrin àkókò tí Yorùbá wọ ilé ìsìn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò nínú ilé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní àdúrà. Òbí sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ Yorùbá púpọ̀, ọmọ òun yóò fà sẹ́yìn. Ọkọ lè jẹ́ Yorùbá, kí ìyàwó jẹ́ Ìgbò tàbí Ẹ̀gùn. Nígbà tí àwọn ọmọdé inú àgbàlá bá péjọ fún Block Rosary ní ìrọ̀lẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí gbogbo wọn jọ gbọ́. Àwọn ìwé ètò ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ̀ pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bú àwọn òbí. Gẹ̀ẹ́sì tí ó so ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ ọmọ Ìgbò nínú àdúrà kan kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ìjọ náà wá pẹ̀lú, èdè méjì ni wọ́n ní lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àdánù wà, ó sì yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ àdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè gbè é fún ìyá àgbà tí ó ti Ìjẹ̀bú wá kí wọn. Àwọn méjèèjì yóò kúnlẹ̀ lórí ẹní kan, ìgbàgbọ́ wọn yóò jẹ́ ọ̀kan, ẹnì kan yóò sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí ó wà nínú Mo kí ọ Màríà yóò sì di àkọ́sórí lásán fún ọmọ náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbàanì tí ó wà ní ipò rẹ̀ kí ènìyàn ní ọjà Bàrígà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó, kò sì gba ìgbìmọ̀. Ìsọ̀rí márùn-ún ni Rósárì ní. Ìdílé tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ka mẹ́rin lè fi Yorùbá ka ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ tí ó kéré jù ni yóò máa ṣíwájú rẹ̀. Ìyàwó tí ó jẹ́ Ìgbò lè fi èdè tirẹ̀ ka òmíràn. Olùkọ́ èdè Yorùbá, ní tirẹ̀, lè béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ àdúrà tí wọ́n ń gbọ́ nílé sílẹ̀, ti Àgùdà, ti Mùsùlùmí àti ti àwọn yòókù, kí wọ́n sì wádìí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Èyí kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lójúmọ́, kí agogo alẹ́ tó lù, kí iná tó kú, kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dákẹ́.